Ẹ Bi Màmá Akọ̀wé: Bí Ìlú Bá Dàrú, Ta Ló Ń Ka Ìbò?

Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, ibì kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì forí lé: ìjọba pàjáwìrì, àti ohun tó yẹ kí àwọn aṣòfin máa ṣe nígbà tí gbogbo nǹkan bá gbóná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ìwé yìí, kíkọ àkọsílẹ̀ ìjókòó ilé aṣòfin ni iṣẹ́ tí mo fi jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Òkèṣà, Iléṣà níbí. Níwájú àga Abẹnugan ni mo máa ń jókòó. N kì í sọ̀rọ̀, n kì í dìbò, ṣùgbọ́n ohun tí n kò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀.

*Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, Màmá. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń béèrè nípa ọ̀rọ̀ Rivers: bí ìwé òfin bá ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìjọba pàjáwìrì, báwo ni wọ́n ṣe fi ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" mọ̀ pé ó pé? Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wádìí. — Tíṣà, Ìsọ̀kùn*

Tíṣà, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ yẹn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ò béèrè tó bẹ́ẹ̀.

Abala 305 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ni kẹ́ ẹ ṣí fún wọn. Ààrẹ lágbára láti kéde ìjọba pàjáwìrì, àmọ́ bó bá ti jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba báyìí, kíákíá ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà àti Abẹnugan Ilé Aṣojú-ṣòfin, kí àwọn náà sì pe ilé jọ. Bí ilé bá wà lẹ́nu ìjókòó, ọjọ́ 2 péré ni wọ́n ní. Bí wọ́n bá wà nínú ìsinmi, ọjọ́ 10. Bí ọjọ́ yẹn bá pé tí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ò bá tíì fọwọ́ sí i, ìkéde náà kú fúnra rẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé ni ìwé òfin wí o, kì í ṣe àwọn tó bá wá lọ́jọ́ náà. Aṣojú-ṣòfin 360 la ní, nítorí náà 240. Sẹ́nétọ̀ 109 la ní, nítorí náà 73.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ó dá Gómìnà Siminalayi Fubara, igbákejì rẹ̀ àti àwọn aṣòfin ibẹ̀ dúró fún oṣù mẹ́fà, ó sì fi ọ̀gágun ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì, Ibok-Ete Ibas, ṣe alábòójútó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20, ilé méjèèjì ní Abuja ti fọwọ́ sí i. Ohùn ni wọ́n fi dìbò. Àwọn olórí ilé ní iye náà pé, àwọn mìíràn ní kò pé, àríyànjiyàn náà sì gbóná títí.

Ní tèmi, mo ti gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" nínú gbọ̀ngàn tó láti mọ ohun tó lè ṣe àtohun tí kò lè ṣe. Etí lè sọ fún Abẹnugan pé ohùn apá ibí ròkè ju ti apá ọ̀hún. Kò sí etí tó lè mọ̀ bóyá èèyàn 239 ló pariwo tàbí 240. Fún àbá tí kò ju pé ká sún ìjókòó sí ọ̀la, ohùn ti tó. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwé òfin bá ti dárúkọ iye, kíkà ló kù. Kí wọ́n pe orúkọ, kí kálukú dáhùn, kí akọ̀wé kọ ọ́. Pípe orúkọ 360 kò gba ìdajì ọjọ́, ọjọ́ 2 sì ni ìwé òfin fún wọn.

Tíṣà, n kò sọ pé Rivers nílò ìjọba pàjáwìrì tàbí kò nílò rẹ̀. Ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé ó tọ̀nà ló yẹ kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n kà á, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹnu wí.

Ní ilé aṣòfin kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n fi ìkánjú gba àbá kan lọ́jọ́ kan nítorí ìdàrúdàpọ̀ tó wà nígboro. Mo béèrè lọ́wọ́ olórí bóyá kí n kọ orúkọ àwọn tó gbà. Ó ní, "Màmá, ẹ kọ ọ́ pé gbogbo ilé gbà." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí nǹkan yí padà, àwọn aráàlú bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àbá náà, làwọn ọ̀gbẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wá sí ọ́fíìsì mi lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi ò sí níjòkòó lọ́jọ́ yẹn." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nínú wọn pọ̀ débi pé bí a bá ní ká gbà á gbọ́, àga nìkan ló dìbò.

Àwọn ọmọ lè béèrè bóyá ìwé òfin yìí ti mú ẹnikẹ́ni rí. Ẹ sọ ti ọdún 2014 fún wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde ìjọba pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa nítorí Boko Haram. Kò lé gómìnà, kò ti ilé aṣòfin wọn pa, kò ṣe bíi ti Plateau lọ́dún 2004 àti Èkìtì lọ́dún 2006. Oṣù mẹ́fà ni ìwé òfin fún un, lẹ́yìn náà kó padà wá tọrọ. Ó tọrọ, wọ́n fún un. Ó tún tọrọ, wọ́n tún fún un. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ó tún fẹ́ tọrọ. Ọjọ́ tí Ilé Aṣojú-ṣòfin padà wá jókòó lórí rẹ̀, ọlọ́pàá dí Abẹnugan Aminu Tambuwal lọ́nà lẹ́nu géètì, tajútajú fọ́n ká, làwọn aṣojú bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun géètì, tagbádá-tagbádá. Gbogbo ayé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ilé ò fọwọ́ sí àfikún náà, ìjọba pàjáwìrì yẹn sì parí nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó pa á. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára ló pa á.

*Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Gaàrí àti èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà. Nígbà Kòrónà, wọ́n ti ọjà mọ́ wa, wọ́n ní ká jókòó sílé. Ta ni wọ́n bi kí wọ́n tó ṣe é? Àbí àwọn tá a dìbò fún náà ti sá lọ sílé? Ọmọ mi ló bá mi kọ lẹ́tà yìí. — Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́*

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Ẹ ò purọ́ mọ́ wọn.

Kónílé-ó-gbélé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní Èkó, Ògùn àti Abuja láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, òfin ìsémọ́lé nítorí àrùn ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ṣe é. Ọdún 1926 ni òyìnbó ti gbé òfin yẹn kalẹ̀. Tiwa ní Ọ̀ṣun, àṣẹ gómìnà ni. Torí pé wọn ò gba ojú abala 305 tí mo sọ fún Tíṣà lókè yìí, kò sí ọjọ́ 2, kò sí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kò sí ìbò kankan. Ìwé òfin ò ṣẹ́, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá.

Àwọn aṣòfin ńkọ́? Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ni ilé méjèèjì ti ìlẹ̀kùn, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n pè é, ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ni wọ́n tó padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ gan-an, Ilé Aṣojú-ṣòfin gba àbádòfin ìrànwọ́ ọrọ̀ ajé kan wọlé, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n parí rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé, Abẹnugan Femi Gbajabiamila gbé àbádòfin àrùn tó ń ràn jáde, lọ́jọ́ yẹn náà ló kọjá ìkà kejì, àwọn kan nínú ilé sì ń pariwo pé àwọn ò tíì rí ẹ̀dà rẹ̀ kà. Ẹ ẹ̀ rí i pé àwọn aráàlú tó wà ní àhámọ́ nínú ilé wọn ló padà kà á fún wọn? Wọ́n wo àwọn agbára tó fẹ́ fún ọ̀gá àjọ tó ń gbógun ti àrùn, wọ́n figbe bọnu, títí ilé fi gbà láti pe ìjókòó ìtagbangba kí gbogbo èèyàn wá sọ tẹnu wọn.

Ilé aṣòfin lè tilẹ̀kùn nítorí àrùn, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Aláàájọ yín, bí òjò bá dí i lọ́nà, ó lè ní kẹ́ ẹ wá bá òun lábẹ́ igi, ó lè rán ọmọ rẹ̀, ó lè ní kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ máa gbà fún un. Ṣùgbọ́n bó bá ní nítorí òjò, òun ò ní sàmì sí káàdì yín mọ́, ṣé ẹ máa fún un lówó?

Orílẹ̀-èdè New Zealand sàmì sí káàdì. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ilé aṣòfin wọn, wọ́n kọ́kọ́ yan ìgbìmọ̀ kan tí yóò máa bójú tó ohun tí ìjọba bá ń ṣe lórí àrùn náà. Èèyàn 11 ni. Àwọn alátakò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tí wọ́n sì fi ṣe alága ni Simon Bridges, olórí ẹgbẹ́ alátakò fúnra rẹ̀. Ẹ tún ìyẹn kà, ìyá wa. Ìjọba tó ń fi àṣẹ ti èèyàn mọ́lé fi èèkù idà lé alátakò lọ́wọ́, ó ní kó máa bi òun léèrè. Orí ẹ̀rọ Zoom ni wọ́n ti ń jókòó, gbogbo ìlú ń wò ó. Mínísítà ń wá, ọ̀gá ọlọ́pàá ń wá, ọ̀gá ìlera ń wá, wọ́n ń dáhùn: èwo ni ìlànà yìí, ta ló fún yín láṣẹ rẹ̀, kí ló dé tí ilé ìtajà ńlá ṣí tí alápatà kékeré ò lè ṣí? Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Karùn-ún, ilé ti padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tú ìgbìmọ̀ náà ká.

Lọ́dún yẹn náà, ní orílẹ̀-èdè Hungary, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ìbò 137 sí 53 ni ilé aṣòfin fi fún olórí ìjọba Viktor Orbán lágbára láti máa fi àṣẹ ṣèjọba. Àwọn yẹn kà á, ẹ gbà mí gbọ́. Ohun tí wọn ò fi sí i ni ọjọ́ tí yóò parí. Oṣù Kẹfà ni wọ́n tó gbà á padà.

Ìlú Ọba wà láàárín méjèèjì. Láàárín ọjọ́ 19 sí 25 oṣù Kẹta, àbádòfin Kòrónà wọn ti wọlé, ó ti jáde, ó ti di òfin, pẹ̀lú àdéhùn pé ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ìjọba yóò gbé e padà wá síwájú ilé. Èyí dára. Àmọ́ àṣẹ tó ń sọ pé kí èèyàn má jáde, òfin àtijọ́ ọdún 1984 ni mínísítà fi ń gbé e jáde, ó ń fọwọ́ sí i, ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ilé á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbọ́. Ó dé ojú ẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, Abẹnugan Lindsay Hoyle dìde, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún ìjọba pé ìwọ̀sí ni wọ́n ń fi ilé ṣe. Mínísítà ìlera ṣèlérí lọ́jọ́ náà pé àṣẹ ńlá tó bá kan gbogbo ilẹ̀ náà, bó bá ti ṣeé ṣe, ilé yóò dìbò sí i kó tó bẹ̀rẹ̀. Abẹnugan wa náà ní ẹnu.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Akẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin ni mí ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣé aṣòfin Nàìjíríà lè jókòó sílé kó dìbò lórí fóònù bí wàhálà bá wà? Ọ̀rẹ́ mi ní abala 56 ò gbà á láyè. — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀*

Ọmọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ kà á dáadáa, àmọ́ kò kà á tán. Abala 56 ní àwọn tó wà níbẹ̀ tó sì dìbò ló ń pinnu. Ìjà wà nínú "tó wà níbẹ̀" yẹn. Ẹni tó wà lójú ẹ̀rọ, ṣé ó wà níbẹ̀? Abala 60 wá ní ilé kọ̀ọ̀kan ló máa ṣètò ìlànà ìjókòó ara rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ilé kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ nígbà tí ara bá tutù, kí wọ́n sọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti bí a ó ṣe mọ̀ pé òun ni. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ tí ìlú bá ń jóná kó tó kọ ìlànà, ẹni tí yóò jàǹfààní rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni yóò bá a kọ ọ́.

Àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ pọ̀. Ilé aṣòfin àpapọ̀ Yúróòpù, lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2020, fi ìwé ìdìbò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé lórí ímeèlì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n dá a padà. Jámánì ò gbé ìbò inú gbọ̀ngàn lọ sójú ẹ̀rọ. Ohun tó lé ní ìdajì ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ pé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣe ìpinnu, wọ́n sọ ọ́ di ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin. (Tiwa ti wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta tipẹ́, abala 54.) Ìlú Ọba fi èèyàn 50 sínú gbọ̀ngàn, 120 lójú ẹ̀rọ, oṣù Karùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò látilé. Oṣù Kẹfà ni ìjọba wọn ní kí wọ́n padà wá fẹsẹ̀ dìbò, ni àwọn ọmọ ilé bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń jìnnà síra wọn, ìlà náà gba inú gbọ̀ngàn jáde síta. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tó ti dàgbà tàbí tó ń ṣàìsàn ò lè wá, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi fẹ ìlànà kí ẹnìkan lè bá ẹlòmíràn dìbò lórúkọ rẹ̀. Ní South Africa, wọ́n ń ṣèpàdé lórí ẹ̀rọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn aláìlójútì kan já wọlé, wọ́n gbé àwòrán ìhòòhò síwájú alága. Fojú inú wo akọ̀wé tó gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ohun kan wà tí ìwé ò ní sọ fún ọ. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ aṣòfin kì í wáyé lẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń wáyé. Aṣòfin kékeré tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n á dúró de kọmíṣánnà lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọ̀gá, afárá wa ńkọ́?", kọmíṣánnà ò sì ní ríbi sá sí. Lójú ẹ̀rọ, kọmíṣánnà á pa kámẹ́rà rẹ̀, ó parí. Nítorí náà, bí mo ṣe fara mọ́ ẹ̀rọ tó, mo fẹ́ kí ọjọ́ tí a óò padà sínú gbọ̀ngàn wà nínú ìlànà náà.

Ukraine tiẹ̀ wà, tí ogun wọlé tọ̀ lọ́jọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, àwọn aṣòfin wọn péjọ sí Kyiv, wọ́n fọwọ́ sí òfin ogun. Láti ìgbà náà, wọn kì í polongo àkókò ìjókòó ṣáájú mọ́, kí àdó olóró má baà bá wọn níbẹ̀. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Síbẹ̀ òfin ogun yẹn ní ọjọ́ tó ń parí, 90 ọjọ́ ni wọ́n sábà ń fi kún un, bó bá sì ti fẹ́ parí, ilé gbọ́dọ̀ tún dìbò.

*Màmá Akọ̀wé, àwọn ọmọ mi ò gbà pé Ọọ̀ni wa ló jẹ́ gómìnà nígbà wàhálà 1962. Ẹ bá mi dá wọn lóhùn. — Bàbá kan, Mọ̀ọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀*

Ẹ kú àgbà, sà. Òótọ́ lẹ sọ. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí ni gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn láti 1960 títí di 1962. Lẹ́tà tí aṣòfin 66 fọwọ́ sí ni wọ́n gbé wá bá a, tí ó fi yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá kúrò nípò olórí ìjọba, tó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nró sípò. Akíntọ́lá pe ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ìgbìmọ̀ ọba ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní 1963 ni wọ́n ní gómìnà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lé lẹ́tà yẹn, láì dúró de ìbò nínú ilé. (Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kàn yí òfin padà ni, wọ́n ní kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣáájú ẹjọ́ náà, wọ́n sì sọ ìdájọ́ náà di asán.) Bí ẹjọ́ yẹn ṣe le tó, kò sẹ́ni tó jiyàn pé wọn ò mọ iye àti orúkọ.

Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962 ni àwọn aṣòfin sọ àga lura wọn nínú gbọ̀ngàn ní Ìbàdàn tí ọlọ́pàá fi ta tajútajú. Ọjọ́ 29, ilé aṣòfin àpapọ̀ péjọ sí Èkó, wọ́n kéde ìjọba pàjáwìrì, wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó títí ọdún fi parí. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí àwọn alátakò nínú ilé, dìde tako àbá náà. Kò pẹ́ sígbà yẹn, agbára tí àbá náà fún wọn ni wọ́n fi há a mọ́ Lekki. Nígbà tó parí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tiwa, Olóyè J. O. Fádáhùnsi, ló rọ́pò Ọọ̀ni nípò gómìnà. Ẹ sọ èyí náà fún àwọn ọmọ, kí Ifẹ̀ má baà dá gba gbogbo rẹ̀.

*Màmá, kí ni aráàlú bíi tèmi lè ṣe? — Ọ̀dọ́ kan, Ẹ̀rẹ̀jà*

Kọ lẹ́tà. Ilé aṣòfin wa ní Òṣogbo ní ọmọ ilé 26, bí 9 bá ti pé, wọ́n lè jókòó. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣojú yín bóyá ìlànà wọn sọ ohunkóhun nípa ìjókòó ìgbà pàjáwìrì. Lẹ́yìn náà, lo òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti ọdún 2011, kí o fi béèrè àkọsílẹ̀ ìjókòó kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn ọ́. Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn láti dá ọ lóhùn. Má kọ ìtàn gígùn sí i, dárúkọ ọjọ́ ìjókòó náà gan-an, ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n sì bá ọ lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan kí o tó kúrò níbẹ̀. Bí èsì bá dé, jọ̀ọ́ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ wò ó bóyá wọ́n ṣì ń kọ "gbogbo ilé gbà."